Dáírẹ́kítọ̀ Tó Fi Ẹsẹ̀ Lábísí Pa Wọ́n Lẹ́rìn-ín

Mi ò ní tàn yín, ẹ̀yin òǹkàwé mi: mi ò fẹ́ràn ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò bá a wá àwáwí, ẹ ṣí ojú ewé mìíràn. Ẹnu ìyàwó rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló sọ ìyókù, ó sì tún ń retí pé kí n káàánú òun. Ṣìọ̀!

Oyèníyì ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, òṣìṣẹ́ káńsù. Bí ẹ bá dé ọ́fíìsì rẹ̀ láàárọ̀, ẹ ò ní bá a lórí àga. Ó ti lọ ya fíìmù. Ẹni tó bá sì pè é ní "Ọ̀gbẹ́ni Oyèníyì" kò ní rí ìdáhùn gbà. Dáírẹ́kítọ̀ ni kí ẹ pè é.

Fíìmù apanilẹ́rìn-ín méjì ló ti ṣe kí èyí tó dé. Àwọn àna rẹ̀ nìkan ló wo àkọ́kọ́, ojú ayé ni wọ́n sì ń ṣe. Èkejì, àwọn àna náà kò wò ó tán.

Ẹ̀kẹta wá ni èyí tó sọ wá di ẹlẹ́nu gígùn yìí. Ó pè é ní Bárékè Aláìníbọn. Àwọn sójà kan ni ìjọba rán pé kí wọ́n lọ ṣọ́ afárá kan tí kò sí odò kankan lábẹ́ rẹ̀. Wọn kò ní ìbọn, wọn kò ní ọ̀tá, ọ̀gágun wọn ń sùn lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gba oríyìn. Igi ni wọ́n gbẹ́ ní ìbọn, ẹnu ni wọ́n sì fi ń yìn ín: pà, pà, pà! Ní Ọ̀wọ̀ tiwa, látìgbà tí wọ́n ti yìnbọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́ni tó tún fẹ́ gbọ́ ìró ìbọn nínú eré mọ́. Èyí nìkan ni làákàyè tí mo rí lára Oyèníyì nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Olúgbádé, ọkùnrin tó ń bá a ta fíìmù, tó sì ń ná owó sí i, ló mú ìròyìn wá láti Àkúrẹ́.

"Àwọn kan ń bọ̀ láti Àbújá," ó ní. "Fíìmù tí oríṣiríṣi èèyàn á ti rí ara wọn ni wọ́n ń wá. Obìnrin, ọkùnrin, ẹ̀yà kéékèèké, aláàbọ̀ ara. Èyí tí wọ́n bá mú, wọ́n á gbé e káàkiri ìlú ńláńlá."

"Ṣé ìyẹn nìkan ni?" Oyèníyì ní. "Ó ti parí!"

Ẹ wá wo bó ṣe parí rẹ̀. Ó lọ bá Jìbírílù tó ń ta súyà létí títì Àkúrẹ́ sí Benin, ó dé e ní fìlà sójà, ó ní kó máa sọ "Ranka ya daɗe", ìyẹn kí ẹ̀mí yín gùn lédè Hausa, kó sì máa pín súyà fún àwọn ọmọ ogun.

Jìbírílù wò ó. "Ọ̀gá, sójà tó ń ta súyà?"

"Ìwọ ṣáà sọ ọ́."

Ó mú obìnrin kan láti Ìfọ́n ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, ó ní kó máa fẹ́ iná ní kíṣìnnì bárékè. Obìnrin náà kò ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ nínú fíìmù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àfi ikọ́ èéfín tó ń wú. Nígbà tí Oyèníyì délé, ó jókòó ti oúnjẹ, ó ń ka ìka ọwọ́ rẹ̀.

"Mo ti ní Hausa. Mo ti ní obìnrin. Mo ti ní ará Ọ̀sẹ́. Ó ku arọ kan."

Theresa ìyàwó rẹ̀, ọmọ ìjọ Àgùdà tí kì í pariwo, gbé ṣíbí sílẹ̀. "Bàbá Ṣèyí, ṣé èèyàn lẹ ń wá ni, àbí èlò ọbẹ̀?"

"Ìwọ ò mọ ohun tí ayé ń fẹ́ báyìí."

"Mo mọ ohun tí ẹ̀yin ń fẹ́."

Ẹran ni Oyèníyì kì bọ ẹnu.

Ọ̀dọ̀ télọ̀ tó ń rán aṣọ kákì fún wọn ló ti rí ohun tó ń wá. Lábísí ni orúkọ ọmọbìnrin náà, ọmọ bàbá Fàsásì tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ bíríkìlà, ní àárín ìlú níbẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì láti kékeré. Irin ló ń dè mọ́ ọn, ọ̀pá ló sì ń kì bọ abíyá bó bá ń rìn. Ṣùgbọ́n ẹnu Lábísí! Ẹnu yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a jà.

Lọ́jọ́ náà, Oyèníyì bá a níbi tó ti ń bá oníbàárà kan wí. Ọkùnrin náà ní ṣòkòtò òun fún òun jù.

"Ṣòkòtò kọ́ ló fún," Lábísí ní. "Ikùn yín ló ti ṣáájú yín dé ibi tí ẹ ń lọ. Ẹ lọ bá a pariwo, ẹ má bá mi pariwo!"

Ọkùnrin tó ń bínú náà bú sẹ́rìn-ín, ó san owó, ó lọ. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń rẹ́rìn-ín. Oyèníyì kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ọ̀pá tó fara ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Orí rẹ̀ ti wú.

"Lábísí, wá ṣe Májò fún mi nínú fíìmù mi."

"Májò wo?"

"Májò tó ń darí gbogbo àwọn sójà."

Lábísí ṣíwọ́ ẹ̀rọ. "Bọ̀ọ̀dá Oyè, láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ mi rẹ́rìn-ín. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń ṣe é nígbà yẹn. Ẹ wá fẹ́ kí wọ́n máa wá wò ó nínú fíìmù?"

"Ẹnu rẹ ni wọn óò fi rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Ẹ lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá mi."

Ó lọ. Ẹ gbọ́ o, ó lọ! Ó wọ bùbá, ó mú obì àti mílíìkì alágolo, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú bàbá Fàsásì bí ẹni tó wá tọrọ ìyàwó. Bàbá náà ní kó dìde, ó ní kó sọ tẹnu rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọmọ yìí bá mi sunkún látìgbà tó ti dàgbà," bàbá náà ní. "Àwọn kan fara wé ìrìn rẹ̀ níbi ìgbéyàwó. Ó fi odidi ọdún kan kọ̀ láti bá wa lọ sí ìnáwó kankan. Tí irú ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, mi ò mọ̀ bó bá tún máa jáde síta. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní di ẹ̀rín."

"Ó dáa. Mo ti fi í lé ọ lọ́wọ́."

Ẹ rántí ìjíròrò yìí dáadáa, torí Oyèníyì gbàgbé rẹ̀ kó tó dé ìta.

Upenmen lẹ́bàá Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti ya á, ní ilé ìwé kan tí wọ́n ti pa tì. Kò sí irọ́ ńbẹ̀, Lábísí ló gbé fíìmù náà. Oyèníyì ti kọ ọ̀rọ̀ kan fún un, ọ̀rọ̀ gbígbẹ bí burẹ́dì ìjẹta. Lábísí kà á lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ òun. Ó fi ọ̀pá kan ilẹ̀ láàárín àwọn sójà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè Ọ̀wọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé wọn.

"Ẹ̀yin lẹ fẹ́ gbèjà ìlú?" ó ní. "Ẹ̀yin tí ìyàwó yín ń lé jáde ní kíṣìnnì? Ìwọ tó wà lẹ́yìn yẹn, yọ àyà síta! Háà, o ti yọ ọ́? Yára gbé e padà, ẹran ti tán lára rẹ!"

Àwọn òṣèré fọwọ́ bo ẹnu. Tòkunbọ̀ tó ń ya fíìmù rẹ́rìn-ín títí kámẹ́rà fi ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Jìbírílù súyà pàápàá, tí wọn kò fún ní ọ̀rọ̀ gidi kan, ni Lábísí yà sí, ó ní, "Ìwọ nìkan ni sójà tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ níhìn-ín, ìwọ ni mo fi ṣe igbákejì mi." Jìbírílù na ara gbọnrangandan, ó kí i ní kíkí sójà, ojú rẹ̀ ń dán. Bí Lábísí ṣe sọ ẹni tó wà níbẹ̀ fún àwòrán di èèyàn nìyẹn. Dáírẹ́kítọ̀ kò mọ̀ pé ohun tí àwọn ará Àbújá ń wá ló ń ṣẹlẹ̀ lójú òun. Ó ń wo aago.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ parí. Fàráńdà ilé ìwé náà ti ń yọ̀. Lábísí ń bọ̀ láti wá dúró níwájú àwọn ọmọ ogun, ni ọ̀pá bá yọ̀, ni Májò bá lulẹ̀ gbì, ó yí sínú ẹrẹ̀, yẹ̀rì rẹ̀ ká dé itan, irin ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn síta gedegbe. Ó gbìyànjú láti dìde, ó tún ṣubú.

"Tòkunbọ̀, pa kámẹ́rà!" Oyèníyì pariwo kí gbogbo ayé lè gbọ́.

Ṣùgbọ́n bó ṣe ń pariwo yìí, ó yíjú sí Tòkunbọ̀, ó ṣẹ́jú sí i, ó fi ìka júwe nísàlẹ̀: máa yà á lọ. Tòkunbọ̀ ń ṣiṣẹ́ fún un, ó sì yà á lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni Dáírẹ́kítọ̀ tó sáré lọ gbé Lábísí dìde, tó ń gbọn ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀ bí ọmọlúàbí.

"Ẹ jọ̀ọ́," Lábísí ní, ojú rẹ̀ pọ́n, "ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí ìyẹn."

"Èwo? Kámẹ́rà ti kú tipẹ́."

Irọ́ funfun báláú.

Mo bi í léèrè, ẹ̀yin òǹkàwé mi, pé kí ló dé tó fi ṣẹ́jú yẹn. Ó ní òun kò mọ̀. Ó ní ojú òun kàn ṣẹ́ ni. Ẹ gbà mí o! Ojú ọkùnrin yìí a máa dá ṣiṣẹ́ láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó fi fíìmù náà han Olúgbádé nílé. Ìdẹwò tó fi ń ṣàwáwí fún mi nìyí. Olúgbádé jókòó, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ síbí, díẹ̀ sọ́hùn-ún. Nígbà tó dé ibi tí Lábísí ti ṣubú, ẹ̀pà fò jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Tún un ṣe! Tún un ṣe!"

Oyèníyì tún un ṣe.

"Dáírẹ́kítọ̀, ibi yìí ni fíìmù wà! Jẹ́ kó falẹ̀ bó ṣe ń ṣubú lọ. Fi ohùn ewúrẹ́ sí i. Àwọn èèyàn á kú!"

"Mo ti ṣèlérí fún bàbá rẹ̀ o."

"Ṣé bàbá rẹ̀ ló máa ra fíìmù?"

Oyèníyì ní inú òun bàjẹ́. Ó ní òun rò ó fún ìgbà pípẹ́. Theresa sọ fún mi bí ìrònú náà ṣe pẹ́ tó: kí ẹ̀pà Olúgbádé tó tán ni ohùn ewúrẹ́ ti wọlé.

Theresa dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó rí gbogbo rẹ̀. "Bàbá Ṣèyí, ọmọ yẹn ló rán aṣọ tó wà lọ́rùn mi yìí. Ẹ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀."

"Iṣẹ́ ọnà ni. Àwọn aláàbọ̀ ara kì í ṣubú ni? Òótọ́ inú ayé wọn ni mo ń fi hàn."

"Ohùn ewúrẹ́ náà ńkọ́? Ṣé òótọ́ inú ayé wọn ni?"

"Theresa, má kó bá mi!"

Theresa dákẹ́. Ó sọ fún mi pé ìdákẹ́jẹ́ yẹn kò jẹ́ kóun lè kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Lábísí mọ́. Ọ̀nà ẹ̀yìn ọjà ló ń gbà.

Nígbà tí wọ́n dá ọjọ́ tí àwọn ará Àbújá yóò wá wo fíìmù, ẹ̀rù ba Dáírẹ́kítọ̀ wa. Gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Ọ̀wọ̀ ni, lọ́sàn-án Sátidé, kí oníkálukú lè tètè padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ mọ ohun tó ṣe? Òun fúnra rẹ̀ jí ní kùtù hàì, ó ń ya ìwé ìpolówó fíìmù ara rẹ̀ kúrò lára ògiri ní gbogbo agbègbè ṣọ́ọ̀bù Lábísí. Lẹ́yìn náà, ó wọlé lọ kí i.

"Májò mi! Ìfọ́n la ti máa fi í hàn lọ́jọ́ Sátidé. Gbọ̀ngàn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Ìwọ àti Bàbá, ẹ tètè máa lọ kí ẹ lè rí àga iwájú."

"Ìfọ́n? Ṣé kò sí gbọ̀ngàn ní Ọ̀wọ̀ ni?"

"Àwọn ará Àbújá ló fẹ́ bẹ́ẹ̀. Oríṣiríṣi ìlú ni wọ́n ń wá."

Ọmọbìnrin náà gbà á gbọ́. Ó rán aṣọ tuntun fún ara rẹ̀ àti fún bàbá rẹ̀. Ó wọ bọ́ọ̀sì pẹ̀lú arúgbó náà lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n gba ojú títì tó ní kòtò yẹn lọ sí Ìfọ́n. Wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ ọjà, wọ́n béèrè gbọ̀ngàn. Àwọn èèyàn ń wò wọ́n. Fíìmù wo? Gbọ̀ngàn wo? Obìnrin kan fún bàbá ní àpótí jókòó.

Lábísí pe Oyèníyì lórí fóònù, kò gbé e. Ó tún pè é, Dáírẹ́kítọ̀ pa fóònù rẹ̀. Ni Lábísí bá pe Theresa tó ń to mínírà sórí tábìlì ní gbọ̀ngàn Ọ̀wọ̀.

"Ìyá Ṣèyí, ẹ̀yin dà? Èmi àti Bàbá ti wà ní Ìfọ́n láti àárọ̀."

Theresa di àga mú. "Ìfọ́n? Ta ló ní kí ẹ lọ sí Ìfọ́n?"

"Bọ̀ọ̀dá Oyè ni."

Theresa wo iwájú. Ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ nínú agbádá aláwọ̀ ewé, ó ń bá àwọn èèyàn bọ ọwọ́, eyín rẹ̀ wà níta. Theresa ní ìgbà yẹn ni ohun kan já nínú òun.

"Lábísí, Ọ̀wọ̀ níbí ni wọ́n ti ń fi í hàn. Ó tàn yín lọ ni. Ó fi ibi tí o ti ṣubú sínú fíìmù náà."

Lábísí fa bàbá rẹ̀ dìde lórí àpótí.

"Ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Mo ti mọ̀. Dárí jì mí. Máa bọ̀, kí o wá fojú ara rẹ rí i. Àlejò Àbújá ṣì wà lọ́nà."

"À ń bọ̀," Lábísí ní, ó sì pa fóònù.

Ohun tó gba Oyèníyì là ni pé àlejò kì í tètè dé. Ohun tó tún pa á náà nìyẹn. Nígbà tí Ìyáàfin Hamidat, obìnrin tó ṣáájú àwọn ará Àbújá, fi máa jókòó tán, Lábísí àti bàbá rẹ̀ ti sún mọ́ Ọ̀wọ̀.

Wọ́n tanná fíìmù. Gbọ̀ngàn náà kún dẹ́múdẹ́mú. Látìgbà tí Lábísí ti ya ẹnu, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi Jìbírílù ṣe igbákejì rẹ̀, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Àwọn ìyá àgbà tó gbọ́ tí Májò sójà ń sọ èdè Ọ̀wọ̀ ń di ara wọn mú. Ìyáàfin Hamidat bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nu omijé ẹ̀rín.

"Ta ni obìnrin yìí?" ó bi Oyèníyì. "Ẹ̀bùn ni o!"

"Mo ṣàwárí rẹ̀ ni, mà," Oyèníyì ní, ó yọ àyà síta.

Ẹ wò ó! Ká ní ó dákẹ́ síbẹ̀, kó sáré lọ pa ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí sí oyin. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń retí ewúrẹ́ rẹ̀.

Májò ṣubú. Ó falẹ̀ bó ṣe ń ṣubú lọ, ẹrẹ̀ ta, ewúrẹ́ ké mẹ̀ẹ̀ẹ̀. Gbọ̀ngàn náà hó. Fíìmù dá a padà, ó tún ṣubú. Mẹ̀ẹ̀ẹ̀! Yẹ̀rì ká, irin ẹsẹ̀ hàn. Wọ́n ń lu àga. Ọkùnrin kan yọ kúrò lórí bẹ́ǹṣì.

Àwọn tó wà lẹ́yìn ló kọ́kọ́ dákẹ́, torí pé ilẹ̀kùn ṣí, ìmọ́lẹ̀ wọlé, Lábísí dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá lábẹ́ abíyá, bàbá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú aṣọ tuntun. Ìdákẹ́jẹ́ ń lọ láti àga dé àga títí ó fi dé iwájú. Ewúrẹ́ nìkan ló ń ké.

"Ẹ pa á," Theresa ní. Tòkunbọ̀ pa á.

Lábísí ń rìn bọ̀ láàárín àwọn àga. Kò yára. Gbogbo gbọ̀ngàn ń gbọ́ ọ̀pá náà bó ṣe ń kan ilẹ̀. Àwọn tó la gbogbo eyín síta níṣẹ̀ẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n ń wò.

"Oyèníyì," bàbá Fàsásì ní láti ẹ̀yìn. "Ṣé bí a ṣe sọ ọ́ nílé mi nìyí?"

Oyèníyì fò dìde. Ìyáàfin Hamidat ti yíjú sí i.

"Ọ̀gbẹ́ni Oyèníyì, ṣé òótọ́ ló ṣubú ni, àbí eré?"

Ẹ tún gbọ́ ìdáhùn aláìnítìjú yìí. "Eré ni, mà! Òṣèré gidi ni. Ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣubú ni. Àbí, Lábísí?"

Ó tún ṣẹ́jú sí i. Ojú kan náà! Lábísí mọ ohun tí ojú tó ṣẹ́ náà ń sọ: bó bá ní eré ni, fíìmù náà á rìn jìnnà, ojú rẹ̀ á sì hàn káàkiri. Bó bá ní kì í ṣe eré, gbogbo ohun tó fi ẹnu rẹ̀ ṣe ní Upenmen á wọlẹ̀ pẹ̀lú ti ọkùnrin yìí.

"Eré ni, àbí?" Lábísí ní. "Ó dáa. Dáírẹ́kítọ̀, ẹ fi hàn wá bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

"Kí ni?"

"Ẹ ṣubú. Tí àwọn èèyàn bá rẹ́rìn-ín, màá sọ pé eré ni."

Theresa ní òun rò pé ojú máa ti ọkọ òun níbẹ̀. Ojú wo? Oyèníyì wo Ìyáàfin Hamidat, ó wo Olúgbádé, Olúgbádé sì mi orí sí i pé kó ṣe é. Òṣìṣẹ́ káńsù, bàbá ọmọ, ọmọ ìjọ, ó ká agbádá rẹ̀ lọ́wọ́, ó yẹ ẹsẹ̀ bíi pé ilẹ̀ ń yọ̀, ó sì lulẹ̀ gbì sórí símẹ́ǹtì. Fìlà rẹ̀ yí lọ sábẹ́ àga.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ó gbórí sókè, ó ń wo ojú gbogbo wọn, ó tún ju ẹsẹ̀ méjèèjì sókè díẹ̀ bóyá wọ́n á rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Ẹnì kan wúkọ́.

"Ẹ̀yin mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣubú, wọn ò rẹ́rìn-ín," Lábísí ní. Ó yíjú sí àwọn tó jókòó. "Èmi ò mọ̀-ọ́n-mọ̀. Ibẹ̀ lẹ ti lu àga. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí i, ó ní kámẹ́rà ti kú."

Tòkunbọ̀ dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀. "Òótọ́ ló sọ. Dáírẹ́kítọ̀ ló ní kí n máa yà á lọ. Ǹ bá má ti gbà."

Ìyáàfin Hamidat kò bú ẹnikẹ́ni. Ó fa àga kan fún Lábísí, ó ní kó jókòó. "Ibi tí o ti ń sọ̀rọ̀ nínú fíìmù yìí ni a ń wá kiri. Èyí tí wọ́n fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ yìí, mi ò lè gbé e dé ibì kankan. Ìwọ ni màá bi: kí la ó ṣe?"

Lábísí wo bàbá rẹ̀. Arúgbó náà ń nu ojú.

"Ẹ yọ ibi tí mo ti ṣubú kúrò," Lábísí ní, "kí ẹ gbé ìyókù lọ. Iṣẹ́ mi ni, mi ò ní jù ú nù nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ń yọ ọ́, ẹ yọ orúkọ rẹ̀ náà."

"Orúkọ mi?" Oyèníyì pariwo látilẹ̀. "Fíìmù mi ni! Olúgbádé, sọ fún wọn!"

Olúgbádé tó ń ná owó sí i, Olúgbádé ẹlẹ́pà, gbọn aṣọ rẹ̀. "Orúkọ wo? Ẹ yọ ọ́, mà. Kíákíá ni ká yọ ọ́."

Bí wọ́n ṣe yọ ọ́ nìyẹn, ewúrẹ́ àti orúkọ lọ́jọ́ kan náà. Tòkunbọ̀ ló gé e. Lábísí kò ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa o, ó ṣì ń bá àwọn oníkùn wí, Theresa sì ti padà sí ọ̀nà iwájú ọjà lẹ́yìn tó lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Oyèníyì ti padà sí orí àga rẹ̀ ní káńsù. Ọ̀gbẹ́ni Oyèníyì ni wọ́n ń pè é, ó sì ń dáhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó èèyàn jọ sínú nǹkan yín kí ayé lè rí i pé ẹ kó wọn jọ, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Èèyàn kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́. Àti ẹ̀yin tí ẹ ti ń múra láti sọ pé ẹ ò ní bá wọn lu àga ká ní ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ rọra.

Ní oṣù tó kọjá, wọ́n gbé fíìmù náà dé Àkúrẹ́. Oyèníyì fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó wọ mọ́tò lọ, ó sanwó, ó jókòó sẹ́yìn. Gbọ̀ngàn náà ń mì tìtì fún ẹ̀rín. Lábísí ya ẹnu, wọ́n hó. Jìbírílù kí i ní kíkí sójà, wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tó parí, ọkùnrin kan tó jókòó tì í nu ojú, ó gbá a léjìká.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹni tó ṣe fíìmù yìí mọ iyì èèyàn o. Ta ni?"

Oyèníyì wo iwájú, níbi tí orúkọ ń kọjá lọ lójú fíìmù, ti Lábísí, ti Jìbírílù, ti Tòkunbọ̀, ti obìnrin Ìfọ́n tó ń wúkọ́.

"N ò mọ̀ ọ́n," ó ní.